Ojú Ọkọ̀ Líkítà

Títí di òní olónìí, n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni irú ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ ní. Bí ẹ bá bi ọkọ mi léèrè nígbà ayé rẹ̀, á ní ọkọ̀ eré ìje ni, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó fi ń sáré nílùú wọn. Bí ẹ bá bi àwọn ará Ìyàrá, ìlú bàbá mi, wọ́n á ní ọkọ̀ líkítà ni. Èmi tí mo máa ń jókòó nínú rẹ̀ gan-an ni kò yé.

Líkítà ni a ń pe dókítà lọ́dọ̀ wa. Abẹ́ ìjọba Kàdúná la wà nígbà náà, ọ̀rọ̀ Gàmbàrí sì ti wọ̀ wá lẹ́nu. Líkítà kan wà ní Kábà tí à ń gbé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìyàwó, òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gbé ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé lọ sí àwọn ìlú ìtòsí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ̀ náà kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè bojú wo inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n: iná méjì tó yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, àti irin wẹ́wẹ́ tó dúró lóòró láàárín wọn bí eyín. Ẹni tó bá ní aláìsàn nílé tó sì rí ojú yẹn lókèèrè, á gbé aláìsàn rẹ̀ wá sẹ́bàá títì, á jókòó dè é. Líkítà á dúró, á yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá le, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó di asíbítì ní Kábà. N kò rò pé wọ́n mọ ojú líkítà fúnra rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe mọ ojú ọkọ̀ yẹn.

Fítà ni ọkọ mi. Lọ́rì ló ń tún ṣe, àmọ́ ọkọ̀ líkítà ló gbà á lọ́kàn. Nígbà tí líkítà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti nọ́ọ̀kì, ó bá fi òkú rẹ̀ ta ọkọ mi lọ́rẹ. Kò pẹ́ sí i, òyìnbó mìíràn tó ń wọn ilẹ̀ fi tirẹ̀ gbá màlúù lọ́nà Òkènè. Irú ọkọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ni. Iná tirẹ̀ ti rì sínú irin tó bo táyà, irin ojú rẹ̀ sì dùbúlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko, ojú rẹ̀ nìkan ló run. Ìyẹn náà bọ́ sọ́wọ́ ọkọ mi.

Ó ní òun á yọ ojú ti àkọ́kọ́, òun á fi sára ti ìkejì. Mo ní ṣé wọ́n á bára mu. Ó ní, “Ìyá kan náà ló bí wọn.” Ìyá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ bàtà rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ mi rí.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ihò nọ́ọ̀tì tí ọ̀kan ní, èkejì kò ní in. Ó lu òmíràn. Ibi tí iná ti yẹ kó wọlé, ó fi páànù agolo kẹrosíìnì dí i. Irin dídán tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ti iwájú ga ju ti ilẹ̀kùn lọ, tí ẹ bá fi ojú tọ̀ ọ́ lọ, ó já lójijì, ó tún bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Bọ́ńpà iwájú tín-ínrín, tẹ̀yìn ki. Ó wá kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, nítorí ọ̀dà lọ́rì tó kù sílé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ewé náà ni ti líkítà. Mo dúró tì í, mo bi í pé nínú méjèèjì, èwo la wá ní báyìí. Ó ń nu irin. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, mo bá fi í sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Ìyàrá la kọ́kọ́ gbé e lọ. Mo wé gèlè mi dáadáa, atẹ́gùn sì tú u kí a tó jáde ní Kábà. A kò tíì wọ Ìyàrá tán tí obìnrin kan fi sáré bọ́ sójú ọ̀nà, ó gbé ọmọ dání, ara ọmọ náà gbóná bí ààrò. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Obìnrin náà wo iwájú ọkọ̀, ó wo ọkọ mi, ó wò mí.

“Líkítà ńkọ́?”

Ọkọ mi ní líkítà ti lọ sílùú rẹ̀.

Obìnrin náà yípo ọkọ̀, ó dé ẹ̀yìn, ó dúró níbẹ̀, ó tún padà wá síwájú. Ojú rẹ̀ dàrú. “Mọ́tò ta ni èyí?”

“Tèmi ni,” ni ọkọ mi wí.

“Ti líkítà ni,” lèmi náà wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọkọ̀ ni mo ní lọ́kàn o.

Ó bá fa ọmọ mọ́ra, ó fà sẹ́yìn. Èrò ti ń pé jọ. Bàbá kan tó mọ bàbá mi súnmọ́ mi, ó rọra bi mí pé, “Ọmọ mi, mọ́tò líkítà ni àbí kì í ṣe mọ́tò líkítà?” Mo ní iwájú rẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́. Ẹlòmíràn ní kí la wá fi líkítà ṣe. Orí mi fò lọ. Tíṣà ni mí, mo ń ṣàlàyé ìṣirò fọ́mọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, n kò sì lè ṣàlàyé ọkọ̀ tí mo gùn wá sílé bàbá mi.

Ìgbà náà ni ojú ọmọ yẹn yí sókè. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, “Mọ́tò líkítà ni. Wọlé.” Obìnrin náà wọlé. Ọkọ mi yí orí ọkọ̀ padà sí Kábà, eruku bò mí. Wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ ní asíbítì, ó sì yè é.

Láti ọjọ́ náà ọ̀rọ̀ di bẹ́ẹ̀. A kì í dé Ìyàrá kí aláìsàn má wà lẹ́bàá títì, èmi ni mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ tó ní ọkọ̀ eré ìje ni mo fẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Mo bi àwọn ènìyàn wa léèrè bóyá wọn kò gbọ́ pé líkítà ti lọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń dúró. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, n kò mọ bí méjèèjì ṣe wọ ara wọn. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń kanra, ó ní òun kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn.

Nígbà tó yá, awakọ̀ lọ́rì kan bá a rí ojú tó yẹ ọkọ̀ náà gan-an ní Èkó. Ọkọ mi tú ti líkítà kúrò, ó fi tuntun sí i. Nọ́ọ̀tì wọ ihò, irin ẹ̀gbẹ́ lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn, iná jókòó sáyè rẹ̀. Kò sí ibi tó já mọ́. Inú mi dùn, mo ní ó parí, mo ti mọ ohun tí a ní.

A gbé e lọ sí Ìyàrá. Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan wà lórí ẹní lẹ́bàá títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń dán. Ó rí wa tí à ń bọ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn wa lọ. Ọkọ mi dúró, ó kí i.

“Ọkun, bàbá. Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí asíbítì.”

“Ọkun. Ẹ ṣeun. Mọ́tò líkítà ni mò ń dúró dè.”

“Líkítà ti lọ, bàbá.”

“Mo mọ̀. Mọ́tò rẹ̀ ṣì ń kọjá.”

“Òun nìyí.”

Bàbá náà wo iwájú ọkọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé fẹ́ tàn jẹ. Ọkọ mi fẹ́ gbé e, ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ bàbá mi fún un, mo ní ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ̀ mí.

“Mo mọ ùwọ, ọmọ mi,” ó wí. “Mọ́tò yìí ni n kò mọ̀. Ẹ máa lọ ulé, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ lọ.”

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. A padà sí Kábà. Ọkọ mi fa ojú àtijọ́ yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó tú ti tuntun palẹ̀, ó sì ń kan ti líkítà mọ́ ọn. Èyí tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò tètè wọlé, ó fi wáyà so ó. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a tún rí Ìyàrá. Bàbá náà rí wa lókèèrè, ó ti ń ká ẹní rẹ̀ dè wá.