Búùṣì Funfun Tó Fún Pinpin

Gbogbo rọ́bà tó bá ṣáà ti funfun, Tẹ́fílọ̀n ni wọ́n ń pè é ní Ìkòtún yìí!

Bàbá kan tó ń fi mọ́tò kó àwọn ọmọ iléèwé ní Gowon Estate wá bá mi nídìí ẹ̀rọ léètì tí mo fi ń gbẹ́ irin láàárọ̀ òní. Ó ní kí n gbẹ́ búùṣì tí irin sítíárìn òun á máa yí nínú rẹ̀. Mo fi èékánná họ rọ́bà tó mú wá, kò dá àpá kankan sí i lára. Tẹ́fílọ̀n gidi kì í le tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, náílọ̀n lèyí. Ó máa ń mu omi. Tí òjò bá pa á fún ọjọ́ mélòó kan, á wú bíi gààrí. Ẹ jẹ́ kí n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀."

"Àyè kẹ̀? Kó tún máa mì? Jẹ́ kó fún pinpin jàre!"

"Sítíárìn á há mọ́ yín lọ́wọ́ lójú títì o."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba rọ́bà rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n gbẹ́ ẹ fún un bó ṣe fẹ́, wọ́n sì fi sínú mọ́tò rẹ̀. Ó yí sítíárìn wò lójú mi, ó ń lọ geere.

"Ṣé o rí i?"

Mo rí i. Mo sì rí òjò tó ṣú dúdú lápá Baruwa.

Ẹ̀yin ará Gowon, ẹ dákun, mọ́tò ta ló ń gbé ọmọ yín lọ síléèwé?