Kọ̀ǹpútà Tí A Kò Nù

Òórùn tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá wọ yàrá akọ̀wé iléèwé wa ní àdúgbò Adéwọlé ni ti eruku ọyẹ́ tó ti gbóná lórí kọ̀ǹpútà. Ó ku bí ọdún kan kí a wọ ọdún ẹgbàá. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé gíga, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tó mi ní gbogbo Ìlọrin. Ìwé mẹ́ta péré ni mo tíì kà nípa rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo náà la ní. Àbúrò Alájà tó ni iléèwé ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ló sì fi sínú rẹ̀ dípò Windows tí gbogbo ayé mọ̀. Akọ̀wé nìkan ló ń lò ó. Ọmọ ilé àfáà ni obìnrin náà, ó ti lé lógójì ọdún, kò kàwé kọjá iléèwé mọ́dà, ìka méjì ló sì fi ń tẹ lẹ́tà. Gbogbo èsì ìdánwò ọdún méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, òun ló tẹ̀ ẹ́ tán.

Ní sáà kejì, Alájà pè mí sí yàrá náà. Ó ní àwọn òbí ń bèèrè ohun tí ọmọ wọn ń fi kọ̀ǹpútà kọ́. “Tíṣà, bá mi sọ ọ́ di ohun tí ọmọ lè fi kàwé.” Ẹnu mi ò dúró. Mo ní kékeré nìyẹn, pé n ó nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kúrò, n ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Akọ̀wé ń to ìwé nítòsí wa, ó sì ń gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ilẹ̀kùn ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà létí ìró akọ̀wé. Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn ara mi pé obìnrin yìí ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gòkè.

Lọ́sàn-án, ó wá jókòó tì mí lábẹ́ igi máńgòrò.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Mi ò ní káwọn ọmọ má kọ́ ọ. Àmọ́ àwọn tó ti kúrò níbí ńkọ́? Bí wọ́n bá wá gbàwé ẹ̀rí lọ́dún tó ń bọ̀, kí la máa kọ fún wọn?”

“A ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ká tó nù ún, mà.”

“Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ti bàjẹ́ látìgbà Iléyá.”

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ́lé ló mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, kí n kọ̀wé sí àbúrò Alájà. Ojú tì mí láti bèèrè, àmọ́ mo kọ ọ́.

Ó pẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tó dé, pẹ̀lú sídì kan. Ó ní kò sí ìdí láti nu ohunkóhun. Kí n kó àwọn ètò ìkọ́ni inú sídì náà kún èyí tó wà nílẹ̀, kí n ṣí orúkọ ìwọlé tuntun fún àwọn ọmọ, kí ojú ìkọ́ni sì máa yọ sí wọn. Bí akọ̀wé bá tẹ orúkọ tirẹ̀, ojú tó mọ̀ ni yóò bá. Ó ní kí n kọ́kọ́ da èsì ìdánwò kọ sí dísíkẹ́ẹ̀tì. Ìlà yẹn ni mo fò.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti akọ̀wé jókòó ti ẹ̀rọ náà, lẹ́tà wà láàárín wa. Mo kó àwọn ètò náà wọlé, mo ní kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn. Ojú rẹ̀ ṣú, kò mọ́ mọ́.

“Ṣé ẹ ti da àwọn èsì yẹn kọ?”

“Rárá, mà.”

Kò bú mi. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi tí a ti ń pa iná ẹ̀rọ nígbà tó dì í mú. Ó yí ẹ̀yìn lẹ́tà àbúrò Alájà síta, níbi tí n kò tilẹ̀ wò, ó sì ń kà á díẹ̀díẹ̀: bí ojú ẹ̀rọ bá ṣú, ẹ má pa á, ẹ ní sùúrù. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Tíṣà.” A dúró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ bèèrè orúkọ. Ó fi ìka méjì tẹ tirẹ̀, ojú àtijọ́ sì yọ, èsì gbogbo ọmọ pé síbẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Nígbà tí mo tẹ orúkọ àwọn ọmọ, àwòrán ayé yọ, ìṣirò yọ, eré tí a fi ń kọ́ títẹ lẹ́tà sì yọ.

N kò ní sùúrù tó láti kọ́ ọmọdé nídìí kọ̀ǹpútà, nítorí náà akọ̀wé ló ń kọ́ wọn. Kí sáà tó parí, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kẹta ti ń fi ìka mẹ́wàá tẹ lẹ́tà, òun náà sì ti ń bá wọn fi mẹ́wàá tẹ̀ ẹ́.

Níbi ìpàdé òbí, Alájà yìn mí. Mo gba ìyìn náà, n kò dárúkọ ẹnì kejì. Akọ̀wé wà lẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lọ́kàn, ó sì tún pẹ́ sí i kí n tó lọ bá a nílé rẹ̀ ní àdúgbò Ṣàngó láti tọrọ àforíjì.

“Àwọn ọmọ yẹn kọ́ ọ, àbí wọn ò kọ́ ọ?”

Mo ní wọ́n kọ́ ọ.

“Alihamdulilahi,” ó ní, ó sì bu omi tútù fún mi.

Àwọn olùkọ́ ni mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà báyìí. N kò rántí ohun tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn mọ́. Ìtàn obìnrin náà ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn, kí a tó tan ẹ̀rọ kankan.