Oyún Tí Mo Kéde

Ọ̀gá ni mí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ní Accra. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń wọ trotro, ọkọ̀ èrò wọn, lọ sí Madina, àdúgbò kan níbẹ̀, láti kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ wúlò fún àdúgbò. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, mo ń sọ ọ́ ṣáá.

Ètò àkọ́kọ́ wa ni èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán aboyún létí ọjọ́ tó máa lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Madina, tó ń ta ọṣẹ lọ́jà, nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká kọ 'oyún' síbẹ̀. Nílé tiwa, fóònù kì í ṣe ti ẹnì kan. Á fa wàhálà paa, wàhálà gidi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní a ò wá síbí láti máa bẹ̀rù ayé. Ó kọ ọ́ bí mo ṣe wí, ó sì fi nọ́ńbà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́ nínú ètò náà. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára obìnrin náà rí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì máa ru, kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ dókítà jẹ. Ó ti tún lóyún. Lọ́dọ̀ wa, oyún tí kò tíì hàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọsíta. Ọkọ rẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ mi nìkan ló mọ̀.

Ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ni fóònù wà lọ́jọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ìyá ò mọ̀wé, ó gbé e fún ará ilé kan pé kó bá òun kà á. Ìyẹn kà á sókè láàárín agbo ilé: oyún yín ti pé oṣù mẹ́ta. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyàwó náà kú oríire. Ó tilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ò lọ sílé ìwòsàn kankan mọ́.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Nígbà tí ẹ̀yin lóyún ọmọ yín, Àǹtí, ta lẹ sọ fún?"

Ojú tì mí gidigidi. Ìyá tó bí mi gan-an, oṣù karùn-ún ló tó mọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó kọjú sí ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló tún ètò náà kọ, èmi kàn jókòó tì í, mo ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tó fi síbẹ̀ ò jù báyìí lọ: "Ọṣẹ yín á wà nílẹ̀ ní Ọjọ́rú." Ó wá lọ bá aboyún kọ̀ọ̀kan, ó rọra ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ó lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà.

Ní Ọjọ́rú, mo dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn láti àárọ̀. Oòrùn ti mú gan-an kí n tó rí ìyàwó náà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò kí mi. Ó tọ́ sí mi. Mo ṣáà rí i pé ó wọlé.