Bọ́ọ̀lù Tí A Kì Í Gbá

Nítorí iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni Àrìnpé ṣe kúrò ní Abereke, ìlú wọn létí òkun, lọ sí Èkó. Ilé ìgbafẹ́ kan ló gbà á sí ilé ìdáná. Láti ojú fèrèsé ló ti ń rí àwọn àgbàlagbà aláṣọ funfun tí wọ́n ń yí bọ́ọ̀lù dúdú lórí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí ẹní. Bọ́ọ̀lù kékeré funfun kan wà níwájú. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ọn jù ló jẹ. Ẹ̀rín ń pa Àrìnpé. Lójú tirẹ̀, eré àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni.

Lọ́jọ́ kan, èèyàn wọn kan kò wá. Màmá Rhoda, tó ń kọ́ wọn, ní kí alásè wá dí àlàfo. Àrìnpé nu ọwọ́, ó yí bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà. Bọ́ọ̀lù ṣẹ́rí sápá òsì, ó já sí kòtò. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ, kì í rìn tààrà láéláé. Ohun tó gbà á lọ́kàn nìyẹn. Láti ìgbà náà, bó bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, orí koríko ló kù.

Nígbà tó yá, wọ́n mú un fún ẹgbẹ́ Nàìjíríà nínú eré náà. Nígbà àkọ́kọ́ tó lọ sókè òkun, òtútù kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù mọ́. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló nà án. Nígbà kejì, ó bá wọn dé ìdíje ipò kẹta. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ti alátakò ló sì sún mọ́ funfun jù.

Màmá Rhoda, tó bá wọn lọ, rọra sọ fún un pé, “Má kánjú. Jẹ́ kó rìn yí ká kó tó wálé.”

Bọ́ọ̀lù náà lọ bí ẹni tó ṣìnà, ó wá rọra ṣẹ́rí padà, ó yọ́ wọ àárín ti alátakò àti funfun, ó dúró. Àrìnpé jókòó sórí koríko. Ipò kẹta ti di tiwọn.

Nígbà tó gbé àmì ẹ̀yẹ dé Abereke, Moríkẹ́ ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó sáré ni. Kò sáré. Bóyá ó jà? Rárá.

“Kí lo wá ṣe tí wọ́n fi fún ọ ní èyí?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sétí òkun.”

Omi ti fà, iyanrìn sì le. Àrìnpé fi bọ́ọ̀lù dúdú kan lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá yí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré, ó yà bàrá sínú òkun. Tìyátọmọ ká aṣọ sókè, wọ́n lé e wọ inú ìgbì. Nígbà tí wọ́n fi mú un, aṣọ wọn ti rin gbingbin. Àrìnpé na ọwọ́ kó gbà á, ìyá rẹ̀ fà sẹ́yìn.

“Fi sílẹ̀,” ni Moríkẹ́ wí. “N ó tún yí i.”

Kí omi tó kún padà, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí òkun ti fi èéfín sílẹ̀, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n láti yí bọ́ọ̀lù.