Sùrájù Tó Ń Ha Nọ́ńbà Dànù

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, Sùrájù mọṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Alákijà. Àmọ́ ọkùnrin náà jowú ju ìyálé lọ.

Bọ́ọ̀dù LED ló ń ṣe, pákó kékeré tó ń wọn iná bátìrì fún gílóòbù kó má baà pọ̀ jù. Áísì ni ọpọlọ bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Sùrájù á mú sáńpépà, á ha nọ́ńbà yẹn dànù, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ohun tó lò. Kódà àwọn tí kò tíì lò, tó kó sínú agolo mílíìkì, ó ti ha gbogbo wọn.

Ìgbà tí Yíwọlá wá dé ńkọ́? Ọmọ Festac, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, ó gba ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kì í gbóná. Ó ní iná tó bá ti di ooru, òfò ni. Bátìrì tó ń kú láàárín òru lórí iṣẹ́ Sùrájù ń mọ́jú lórí tirẹ̀, làwọn oníbàárà bá ń sọdá. Mo ní, "Sùrájù, ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra."

Ó pòṣé. "Ẹyẹ nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ débí, jàre."

Alága àdúgbò kan ní Festac fẹ́ ri ọgọ́ta iná sójú títì. Ó ní kí àwọn méjèèjì gbé bọ́ọ̀dù wá ní Sátidé, ẹni tí tirẹ̀ bá dáa jù ló niṣẹ́. Sùrájù fẹ́ iṣẹ́ yẹn lójú méjèèjì. Oṣù kan gbáko ló fi tún bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù. Ẹnu yà mí.

Àárọ̀ Sátidé ni áísì rẹ̀ jóná. Ó sáré mú òmíràn nínú agolo. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ti bátìrì kékeré àti ti ńlá, ara gbogbo wọn sì ń dán bákan náà. Bí wọ́n ṣe so bọ́ọ̀dù náà mọ́ bátìrì lẹ́nu géètì Alága, pọ́! Èéfín yọ.

Yíwọlá lóṣòó tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má worry. Áísì yìí kọ́ ló yẹ kó wà níbí. Mo ní oríṣiríṣi nínú báàgì mi, ẹ ṣáà sọ nọ́ńbà ẹ̀."

"Ó yá, ọ̀gá," ni Alága wí, "à ń dúró dè yín."

Sùrájù wo báàgì, ó wo ọmọ náà. 

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Iṣẹ́ di ti Yíwọlá. Bí èmi àti Sùrájù ṣe ń padà bọ̀ sí Alákijà, mo gbọ́ tó ń ka nọ́ńbà áísì náà lábẹ́ ètè, léraléra. Ó yíjú, ó rí i pé mo ń gbọ́, ó sì panu mọ́.