Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Yẹ̀ Wò Lójú Ẹlẹ́rìí

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ojú lásán ni a fi ń mọ àìsàn. Alápatà ni mí, bàbá mi ṣe é kí n tó ṣe é, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ àwọn Gùn ni mo sì ti ń la ikùn màlúù. Màá wo ojú màlúù, màá wo irun ẹ̀yìn rẹ̀, màá ní, “Eléyìí ò dáa.” Bí a bá wá là á tí a bá kókó lára fùkù rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹran tí dókítà ẹran bá rí i pé ó dára, á lu òǹtẹ̀ sí i lára. Èyí tí kò bá dára, a ó da epo àtùpà sí i, a ó sì dáná sun ún níṣojú gbogbo èèyàn. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀nà méjì yìí náà ló wà fún gbogbo ohun tó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n èèyàn ni mí.

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì lè dá itan màlúù gbé léjìká láti ilé ìpẹran dé ìsọ̀ láì sinmi. Àwọn àgbà ìsọ̀ wa máa ń sọ pé ọwọ́ mi yá ju làákàyè mi lọ, èmi a sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn. Ìyàwó mi fi ọdún mẹ́jọ kéré sí mi. Ó ń ránṣọ ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Djègan-Kpèvi, Fòfó ló sì máa ń pè mí, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún nígbà tí ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbà á lára gbogbo aláboyún.

Ọ̀sán gangan ló dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ bọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ẹran ṣì wà ní èékánná mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí èmi náà jókòó.

“Fòfó, wọ́n ní mo ní kòkòrò sídà lára. Wọ́n ti fún mi ní oògùn. Wọ́n ní tí mo bá ń lò ó lójoojúmọ́, ọmọ ò ní kó o. Wọ́n ní kí ẹ̀yin náà wá.”

Mi ò gbọ́ oògùn, mi ò gbọ́ ọmọ. Sídà, ìyẹn éèdì, nìkan ni mo gbọ́. Mo gbá a létí kí ó tó pa ẹnu dé, ó sì ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo fà á dìde, mo tún gbá a. Mò ń pariwo pé kí ó dárúkọ ọkùnrin náà, kí ó dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì fún un láyè kí ó mí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kí ó dárúkọ ẹnì kan. Nígbà tí ó rí i pé mi ò ní dá ọwọ́ dúró, ó ká ara rẹ̀ jọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó sì fi ẹ̀yìn gba ìyókù. Mo tú ike oògùn náà dà sínú ṣáláńgá. Àwọn ará ilé mẹ́rin ló fà mí kúrò lára rẹ̀, mo sì bu ọ̀kan nínú wọn jẹ lápá.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí ìdílé méjèèjì pé jọ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí pé, ṣé èmi náà ti yẹ ara mi wò. Orí mi gbóná. Nínú iṣẹ́ wa, bí àríyànjiyàn bá wà lórí màlúù, tí ẹni tó tà á ń sọ pé ara rẹ̀ dá, tí ẹni tó rà á ń sọ pé ó ń ṣàìsàn, a kì í jà. Oníkálukú á mú ẹlẹ́rìí wá, a ó la ẹran náà lójú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Mo lu àyà, mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí wọ́n ṣe èmi náà. Mo ní kí ìdílé méjèèjì tẹ̀lé mi dé ilé ìwòsàn kí wọ́n wá gbọ́ tèmi. Bí ẹ̀jẹ̀ mi bá mọ́, kí ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ ọ́, ó kàn ń wolẹ̀ ni, ojú rẹ̀ kan ti wú pa dé.

Èèyàn mẹ́fà ló tẹ̀lé mi: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyàwó mi, bàbá àti ìyá rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó taagun, tó ń ṣe iṣẹ́ kápíńtà ní Houinmè. Agbẹ̀bí tó gbà wá lálejò jẹ́ obìnrin Gùn, ó ṣe jẹ́jẹ́, ó sì kúrú débi pé àyà mi nìkan ló ga mọ. Mo ní kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò níbẹ̀, kí ó sì kéde rẹ̀ sí gbogbo wọn létí.

“Mùsíyé,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni ní èdè Faransé, “ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojúde. Ẹ wọlé, kí àwọn dúró síta.”

“Kí lẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún wọn?” Mo fi ìkúùkù lu tábìlì títí ìgò tó wà lórí rẹ̀ fi já bọ́, tó fọ́. Kò mira. Ó gbá àfọ́kù ìgò náà jọ, ó ṣílẹ̀kùn yàrá, ó sì dúró tì í títí mo fi wọlé.

Inú yàrá náà ni mo ti mọ̀. Ó gún mi níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan, ìlà méjì sì yọ. Ó fi òmíràn tún un ṣe, ìlà méjì tún yọ. Ó ní mo ní kòkòrò náà. Mo ní irọ́ ni, ara mi le. Ó ní ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń le fún ọdún púpọ̀ kí ó tó hàn. Nígbà náà ni mo rántí ọdún mẹ́ta tí mo fi ń tẹ̀lé màlúù bọ̀ láti ìhà àríwá, àti àwọn ibùsọ̀ tí a ń sùn sí, àti àwọn obìnrin tí mi ò bèèrè orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó kó o bá mi nílé. Èmi ni mo kó o wọlé. Agbẹ̀bí náà ní òun lè ní kí wọ́n máa lọ sílé, pé kò pọn dandan kí n sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni lónìí. Mo ní rárá, màá bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo jáde. Gbogbo wọn dìde. Mo wo ojú ìyá mi, mo wo ojú bàbá ìyàwó mi, mo sì ní, “Tèmi mọ́.”

Bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ṣe tú bẹ́líìtì rẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú ìdílé wọn ló ń lù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ló ń balẹ̀ sí, níwájú àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń ké, tí wọ́n ń sá. Ìyá mi tutọ́ sí i lára. Agbẹ̀bí náà sáré bọ́ sí àárín wọn, bẹ́líìtì náà sì bà á ní ọrùn. Ìyàwó mi kò ké. Ojú mi ló ń wò láti ilẹ̀ tó ṣubú sí, mo sì rí i pé ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ mi tí gbogbo ìsọ̀ mọ̀ pé ó yá, ọjọ́ náà ni ó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Wọ́n mú un lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Houinmè. Ìyá mi kó mátíràsì wa síta, ó kó aṣọ rẹ̀, ó kó ṣíbí àti ife tí ó ń lò. Èmi ni mo da epo àtùpà sí i, èmi ni mo ṣáná. Àwọn ará àdúgbò ní mo gbìyànjú, pé ọkùnrin mìíràn ì bá ti pa á.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ìbẹ̀rù ikú fi gbé mi padà lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí náà. Ó fún mi ní oògùn, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa lò ó, kò sì bú mi. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé ọ̀kan mì, tí mo sì ń lọ sí ìsọ̀ lọ máa gé ẹran, tí àwọn oníbàárà ń bá mi kẹ́dùn ọ̀rọ̀ ìyàwó burúkú. Mò ń jẹun, mò ń sùn. Inú mi ni kò jẹ́ kí n gbádùn: ẹnikẹ́ni tó bá ṣe àṣìṣe díẹ̀ níwájú mi, ìjà ni. Mo fọ́ alápatà ẹgbẹ́ mi lórí pẹ̀lú egungun itan torí pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo lọ gba oògùn oṣù kejì, páálí méjì ni agbẹ̀bí náà gbé ka orí tábìlì.

“Ti yín nìyí. Ti ìyàwó yín nìyí, kò sẹ́ni tó wá gbà á láti ọjọ́ yẹn. Mo ránṣẹ́ sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé ẹni tí mo rán. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ kò ní dúró dè yín, mùsíyé.”

Mo yí tábìlì náà dànù. Mo di kọ́là aṣọ rẹ̀ mú, mo gbé e títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, mo ní bí ó bá tún dárúkọ ìyàwó mi, màá pa á. Àpá bẹ́líìtì ṣì wà ní ọrùn rẹ̀. Ó ń mí sókè sódò, ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò.

“Mo ti búra nídìí iṣẹ́ mi pé mi ò ní sọ. Ẹ̀yin ò bá ẹnikẹ́ni búra.”

Mo tú u sílẹ̀. Mo wá páálí méjèèjì kiri lábẹ́ àga, mo fi wọ́n sínú àpò, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Houinmè, torí mo mọ̀ pé bí mo bá gun zẹ́mì, màá ní kí ọlọ́kadà náà yà mí sí ibòmíràn.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni. Bàbá ìyàwó mi jókòó sí ojúde pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ti mọ́ṣáláṣí dé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ní in, èmi ni mo kó o ran ọmọ yín.” Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti ibi tí ó ti ń fá igi dìde.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn ju oṣù kan àbọ̀ lọ. Eyín méjì ni mo fi sílẹ̀ ní ojúde náà, egungun ìhà mi kan sì ṣẹ́. Ẹnì kan gbé ọmọ odó. Mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti òkèèrè pé, “Ó tó. Ẹ má pa á sí mi lójúde.” Mi ò gbé ọwọ́ sókè. Kí ẹnikẹ́ni má yìn mí fún ìyẹn o, kò sí ohun mìíràn tí ó kù fún mi láti ṣe.

Ìyàwó mi jáde. Ó ti rù, ikùn nìkan ló tóbi lára rẹ̀. Ó gbé páálí oògùn nínú iyanrìn, ó gbọn ọ́n, ó wò mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

“Ṣé ìwọ ń lo tìẹ?”

Mo ní mò ń lò ó.

“Láti ìgbà wo?”

Mo sọ fún un. Ó gbọ́, ó ní kí ìyá rẹ̀ bu omi wá, ó gbé oògùn náà mì níwájú gbogbo àwọn ọkùnrin náà, ó sì wọlé lọ.

Ó bí ọmọbìnrin. Wọn ò jẹ́ kí n dé ibi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ń fún ọmọ náà ní oògùn olómi, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ látìgbàdégbà, èmi a sì máa dúró níta ilé ìwòsàn bí ẹni tó wá jẹ́jọ́. Ó pé ọdún kan àbọ̀ kí agbẹ̀bí náà tó pe àwa méjèèjì wọlé fún èyí tó kẹ́yìn. Ó ní, “Kò ní in. Ó ti parí, kò ní in.” Ìyàwó mi bú sẹ́kún, ọmọ náà sì ń fa gèlè rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí ǹ bá gbé ọwọ́ sí.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ìyàwó mi ni mo wà. Mo ní, “O ṣeun.” Kò dáhùn. Mo tún un sọ, kò dáhùn, mo rò pé ìbínú ni. Mo bá fọwọ́ kàn án léjìká. Ó fò sẹ́yìn, ó sì fi apá bo orí. Nígbà tí ó rí i pé n kò lù ú, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Etí ìhín ò gbọ́ nǹkan,” ó ní. “Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn.”

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Kò padà sí ilé mi, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìgbà kìíní. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Tokpota, ara rẹ̀ le, ó sì sanra. Èmi náà ṣì ń gé ẹran. Dókítà ní bí àwọn bá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, àwọn kì í rí kòkòrò náà mọ́, pé bí mo bá ṣáà ń gbé oògùn mi mì, màá darúgbó. Nígbà mìíràn, agbẹ̀bí náà, tí ó ti di àgbà, máa ń darí ọkùnrin tó bá ń pariwo lé ìyàwó rẹ̀ lórí sí ìsọ̀ mi. Mo máa ń sọ èyí tí mo sọ yìí fún un. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi sì ń gbìyànjú kí n má gbàgbé.

Ọmọ wa máa ń wá kí mi. Ọmọ tó já fáfá ni, ó gbọ́ Nàgó, ó gbọ́ Gùn, ó gbọ́ Faransé. Bí mo bá lọ sin ín padà sí Tokpota, tí ìyá rẹ̀ tẹrí ba sórí ẹ̀rọ, mo máa ń rí i bó ṣe ń yí gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà po lọ sí apá ọ̀tún ìyá rẹ̀ kí ó tó sọ pé òun ti dé. Bó ṣe mọ ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn, kò tíì bi mí léèrè ìdí rẹ̀ rí.