Ọjọ́ Tí Ọkọ Rọ̀ Bí Òjò Ní Ìsọlọ̀

Ẹni tó bá béèrè Bàbá Sájẹ́ǹtì ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, ìtàn ọjọ́ tí ọkọ rọ̀ bí òjò ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un. Wọn kì í sọ iṣẹ́ tí olóògbé náà ṣe fún àdúgbò. Wọn kì í sọ pé kò sẹ́nì kan tó ràn án lọ́wọ́. Ọkọ tó rọ̀ ni wọ́n máa ń rántí, wọ́n á sì máa di ìhà mú. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn ná, kó kúrò ńlẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Súbérù Ògúnjìmí, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù fótò rẹ̀ nínú ṣòkòtò kakí tó lọ̀ gbagidi. Lókè orí rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ló tò yí àjà po, ó so agolo bisikíìtì mọ́ ọn, ó kọ A, B, C sára wọn. Mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta ló ń fa ṣéènì náà, bọ́tìnnì táípúráítà àtijọ́ ló sì wà lórí tábìlì. Tẹ lẹ́tà, agolo lẹ́tà náà á rìn wá, á dúró lókè tábìlì, á da ẹnu kọ ọ́, wàá sì mú fótò rẹ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nígbà tí iná bá wà.

Fàthíà ló jókòó níwájú rẹ̀, ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe yìgì láìpẹ́, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Ìsíátù, tó ń ta aṣọ ní Aswani. Fótò bàbá Fàthíà ni wọ́n wá wá, torí wọ́n ti gbọ́ pé Bàbá Sájẹ́ǹtì yà á rí. Mọ́tò tó já níjánu ló pa ọkùnrin náà nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, omíyalé Okota sì ti gbé àpótí tí fótò rẹ̀ wà lọ. Fàthíà ò mọ ojú bàbá òun rí. Kò fẹ́ wọlé ọkọ láìmọ̀ ọ́n.

"Orúkọ," ni Bàbá Sájẹ́ǹtì wí, bí ẹni tó dúró lẹ́nu géètì bárékè.

"Zakariyah, sà."

Ó tẹ Z. Agolo náà rìn wá. Zakariyah méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ lèmọ́mù, èkejì jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún. Bàbá yíjú sí Ìsíátù.

"Ìyá Fàthíà, bí mo bá ya ọkọ rẹ, tí mo ní ta nìyí, kí lo máa sọ?"

"Kí ni mo máa sọ kẹ̀? Obìnrin ilé wa kì í dárúkọ ọkọ. Olówó-orí mi ni mo máa sọ."

Ojú Bàbá yí padà. Láti ọdún tó ti ń ya fótò, bó bá ya tọkọtaya, obìnrin ló máa ń bi ní orúkọ, torí ọkùnrin máa ń wo dígí lọ́wọ́. Ológun sì ni, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló máa ń kọ. Ìdí tí agolo O fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó na ìka, ó tẹ O.

Agolo O gbéra tìróra-tìróra. Ṣéènì ń ké, àjà ń mì. Nígbà tó fi dé orí tábìlì, ìdí rẹ̀ jábọ́, gbogbo ọkọ Ìsọlọ̀ sì dà lé wọn lórí. Ọkọ onífìlà, ọkọ oníkóòtù, ọkọ tó wé láwàní, ọkọ tó ti kú, ọkọ tó ti sá lọ. Àwọn obìnrin tó wá wòran ya wọlé, wọ́n ń ṣa ọkọ. Àrìnkẹ́, ìyá Sherifdeen, rí tiẹ̀, ó gbé e lé àyà. Obìnrin kan tó wá láti Ejigbo, Hassanat, òun náà mú ọ̀kan nílẹ̀, ó ní, "Olówó-orí tèmi náà rè é." Ọkùnrin kan náà ni, fìlà kan náà. Bàbá Sherifdeen ò sùn nílé lọ́jọ́ náà.

Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dákẹ́ sí nìyẹn, òun ló sì ń bí èèyàn nínú. Wọn kì í sọ pé Ìsíátù kúnlẹ̀, ó wo ojú gbogbo ọkọ tó wà nílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò sì rí tiẹ̀. Wọn kì í sọ pé Fàthíà fi ẹ̀gbẹ́ ìbòrí nu ojú, nígbà tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Sájẹ́ǹtì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ mi kì í sọ èèyàn nù," ló wí. "Mo ya bàbá ẹ. Ó wà ńbí. Bó bá gbà mí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, màá gbé e fún ẹ."

Kì í ṣe ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ọ́fíìsì ológun kan ló ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó fótò tí bàálù yà látòkè pamọ́, odò, afárá, igbó tí ọ̀tá lè sá pamọ́ sí. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n mú fótò igbó kan wá, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú dúróà. Nígbà tí wọ́n bá fi rí fótò igbó, wọ́n ti gé igbó. Ni wọ́n bá ra ẹ̀rọ kan láti òkè òkun. Tẹ nọ́ńbà, dúróà á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Súbérù nìkan ló jókòó kọ́ ọ, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Okùn rọ́bà kékeré kan ló já nínú rẹ̀. Súbérù kọ̀wé pé kí wọ́n ra òmíràn. Ó kọ̀wé títí ọwọ́ fi ń ro ó. Wọn ò rà á. Wọ́n gbé kẹ́tùlù tíì lé ẹ̀rọ lórí, ọ̀gá ń fi fìlà kọ́ ọ létí, nígbà tó sì yá wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Fótò ńkọ́? Wọ́n kó òun náà dànù. Lọ́jọ́ kan, Súbérù ra ẹ̀pà lójú títì, ó tú bébà rẹ̀, ló bá rí afárá tí òun fúnra rẹ̀ ti tò sí dúróà. Kò jẹ ẹ̀pà náà. Ó kọ̀wé fẹ̀yìn tì, ó wá sí Ìsọlọ̀, ó sì búra pé níbi tí òun bá ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní fi ojú ẹnikẹ́ni wé ẹ̀pà.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe wá bàbá Fàthíà. Lọ́jọ́ kejì tí agolo já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi àwọn ìyàwó ní orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ wọn, kó lè tún gbogbo agolo tò. Àwọn kan ní Dádì. Àwọn kan ní Àkànjí mi. Ìyá kan ní òun kì í pè é ní nǹkan kan.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe ń pè é tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán an níṣẹ́?"

"Mo máa ń pòṣé ni. Ó sì máa ń dáhùn."

Bàbá ronú títí, kò mọ agolo tí òṣé ń wọ̀. Ibi tó ti ń ronú ni Abdulhafeez, ọkùnrin tó ń ṣe ilẹ̀kùn aláyọ́ọ̀nù, ti dé bá a lẹ́nu ọ̀nà tòun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ tí ìyàwó mi ń pè mí nínú yàrá ṣe?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ìjọba wo?"

"Èyí tí mo sìn kí wọ́n tó bí ẹ. Kúrò lọ́nà."

Wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́ onílé. Ẹ gbọ́ nǹkan o, àgbàlagbà tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀ torí ojú àwọn ará àdúgbò, òun ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Alága wọn, Kọ́láolúwa, gbé fóònù olówó ńlá lé orí tábìlì, ó rọra ń fi ìka yí i.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ayé ti kọjá agolo. Everything is on phone. Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn sinmi."

"Alága, o ṣeun. Fi fótò ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ hàn mí."

Alága wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ìyẹn wà lórí fóònù tó jábọ́ sí ṣalángá."

"Tèmi wà nínú agolo B. 'Bàbá Ìkókó,' ohun tí ìyàwó rẹ wí nìyẹn. O wọ bàtà ẹsẹ̀ òsì sí ọ̀tún lọ́jọ́ náà."

Ìpàdé túká. Alága ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìgì ń sún mọ́lé, kò sì sí bàbá Fàthíà nínú D, kò sí nínú A, kò sí níbì kankan tó ti wá a. Ara Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nígbà tó sú u, ó gba ọjà Aswani lọ, ó bá Ìsíátù nídìí aṣọ.

"Ìyá Fàthíà, lọ́jọ́ tí mo ya ọkọ rẹ, apá ibo lo dúró sí?"

"N ò sí ńbẹ̀ o. Oyún ti wúwo, mo ti lọ bá ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n jọ ń lẹ táyà ní Apakun ló sọ fún mi pé ẹ yà á."

"O ò sí ńbẹ̀? Látọjọ́ yìí, o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí, Bàbá. Orúkọ lẹ ń béèrè."

Ọkùnrin tó ti bi gbogbo ìyàwó Ìsọlọ̀ ní ọ̀rọ̀ kò bi èyí tó yẹ kó bi. Inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé ó ṣí fìlà, ó tún dé e. Bí ìyàwó ò bá sí níbẹ̀, ọkọ fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Lójijì ló rántí.

"Mú ọmọ rẹ wá lọ́la," ló wí. "Ẹ̀rọ máa gbé e wá."

"Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tó wà, ẹ kúkú fọwọ́ mú un fún wa."

"Fọwọ́ mú un kẹ̀? Ṣé èèyàn ń ra ọkọ̀ kó tún máa fẹsẹ̀ rìn ni?"

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Fàthíà jókòó sídìí bọ́tìnnì. Ó ní kó tẹ F.

"F kẹ̀, sà? Bàbá mi ò ní orúkọ kankan tó fi F bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé mo ní kó o bá mi jiyàn ni?"

Ó tẹ F. Ṣéènì rìn, ó há, Bàbá bọ́ bàtà, ó fi gbá ògiri, ṣéènì tún rìn. Agolo F dé, ó fúyẹ́. Fótò tó wà lókè pátápátá ni ti géńdé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Apakun. Ó ki túùbù táyà bọ inú ẹ̀wù, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ó fọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn ìdí bí aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé èjì ẹnu rẹ̀ hàn. Fàthíà fọwọ́ kan èjì tiẹ̀. Ó yí fótò padà. Ohun tí Bàbá kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: Bàbá Fàthíà, Apakun.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni Ìsíátù wí. "A ò tíì bí i nígbà náà. Àjàmú, ẹ̀gbọ́n olówó-orí mi, ló fún un lórúkọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ṣì ń fi ṣe fáàrí títí dòní."

"Ta ló sọ fún Àjàmú?" Bàbá ti ń gbóná. "Mo bi ọkọ rẹ lórúkọ, ó ní Bàbá Fàthíà. Mo ní Fàthíà dà? Ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Mo ní bó bá jẹ́ ọkùnrin ńkọ́? Ó ní òun ti bá Ọlọ́run sọ ọ́. Mo ní n kì í fi orúkọ ẹni tí kò tíì dé to fótò. Ó ní àfi kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ òun ló máa wá gbà á. Ni mo bá tò ó sí F, orúkọ ọmọ. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lójú títì."

Fàthíà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ikùn túùbù yẹn. Ẹ̀rín náà ló di ẹkún. Ìyá rẹ̀ dì í mú, òun náà ń sunkún. Bàbá Sájẹ́ǹtì kọjú sí ògiri, ó ń di nọ́ọ̀tì tí kò tú.

"Kí lẹ ń sunkún sí?" ló ń sọ fún ògiri. "Ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́."

Ó lọ síbi yìgì. Ẹnì kan fi fóònù yà á níbẹ̀, ó lejú koko, torí pé ẹni tó yà á kò béèrè orúkọ. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e kò bá a láyé.

Àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti Ìkòròdú, wọ́n mú ẹni tó ń ra irin àlòkù dání. Bẹ́ẹ̀ ni, irin àlòkù náà ni, lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò tíì kí àwọn ará àdúgbò tán tí wọ́n ti ń díwọ̀n ṣéènì. Àrìnkẹ́ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin tó kù sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkọ wa wà nínú ilé yìí," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ tà wọ́n, kó kọ́kọ́ ta èmi."

Oníirin ló kọ́kọ́ yí padà. Àwọn ọmọ náà wo ojú ara wọn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Fàthíà.

Ó tẹ fótò inú fóònù yẹn jáde, èyí tí Bàbá ti lejú. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ lórí agolo tó máa wọ̀. Alága ní kí wọ́n fi sí S, torí Súbérù ni. Abdulhafeez ní O, torí Ògúnjìmí ni ìdílé rẹ̀. Fàthíà mú bírò, ó kọ nǹkan sẹ́yìn fótò náà, ó sì tẹ F. Nígbà tí agolo dé, ó tò ó ti ọkùnrin onítúùbù. Alága na ọrùn, ó ka ohun tó kọ sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn: Bàbá Fàthíà, Ìsọlọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.